Ìkórìíra Orúkọ Tuntun ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ èdè Yorùbá pé kí a máa bínú sí orúkọ tí àwọn òbí ìwòyí ń sọ ọmọ. A ń wí pé Testimony àti Favour kì í ṣe orúkọ ènìyàn. A ń wí pé Olúwa ti pọ̀ jù nínú ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá sì gbọ́ pé a ti yọ Ifá kúrò nínú orúkọ ìdílé kan, tí a sì ti fi Jésù dípò rẹ̀, a óò mi orí. Èmi náà a máa mi orí. Ṣùgbọ́n irú ìbínú yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, kò sì dájú pé ibi tí ó yẹ ni a ń darí rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn 1807, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di Johnson, Macaulay, Vincent àti Williams. Àwọn kan gba orúkọ míṣọ́nnárì. Àwọn mìíràn gba orúkọ ọlọ́rẹ kan ní ìlú òyìnbó tí ó fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ọmọdé. Àjàyí, ẹni tí a kó ní Òṣogùn ní 1821, di Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825; àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, Àjàyí kò parẹ́. Àmútọ̀runwá ni, orúkọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé, Bíṣọ́ọ̀bù náà sì ń jẹ́ ẹ títí ó fi kú ní 1891.

Láti 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wá sí Bàdágìrì, Abẹ́òkúta àti Èkó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí níhìn-ín, tí wọn kò fojú kan Freetown rí, ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onílé sì ń fara wé wọn, nítorí pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé ẹni tí ń jẹ́ ẹ mọ̀wé. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1890, ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kan. Wọ́n rí i pé bí orúkọ àwọn ti jọ ti òyìnbó tó, òyìnbó kò gbà wọ́n sí ipò gíga nínú ìjọ tàbí nínú ìjọba. Ẹni tí a mọ̀ jù nínú wọn ni David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ya kúrò lára ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn òyìnbó ní 1888. Ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó di Mojọlá Agbébí. Aṣọ Yorùbá ni ó sì ń wọ̀, àní nígbà tí ó bá rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun.

Bẹ́ẹ̀ ni Edmund Macaulay di Kítóyì Àjàsá. Níhìn-ín ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró díẹ̀. Àjàsá tí ó pa orúkọ òyìnbó tì ni ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀ ní 1914, ìwé tí gbogbo Èkó mọ̀ sí alátìlẹ́yìn ìjọba. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther, kò yí orúkọ tirẹ̀ padà títí ó fi kú ní 1946. Òun sì ni ó yọ ìjọba náà lẹ́nu jù lọ, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ nìkan wádìí ọkàn ènìyàn ní Èkó ìgbà náà, àṣìṣe ni yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orúkọ tí a ń bínú sí lónìí. Olú kì í ṣe ẹ̀dá ṣọ́ọ̀ṣì: Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, ti kú ní 1847, ó sì di 1851 kí Hinderer, míṣọ́nnárì, tó kọ́kọ́ dé ìlú náà. Òbí tí ó pe ọmọ rẹ̀ ní Testimony kò ṣe ju ohun tí ẹni tí ó pe ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún ṣe lọ. Ilé ni àwọn méjèèjì wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Èdè ni ó sọnù níbẹ̀, àdánù ni, ṣùgbọ́n àṣà náà ṣì wà láàyè. Àwọn Mùsùlùmí tilẹ̀ ṣe é dáadáa jù wá lọ: ahọ́n Yorùbá ti gún Abdul Hamid títí ó fi di Làmídì, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní àlejò mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni orúkọ ìdílé tí a ń yí. D. O. Fágúnwà, ẹni tí gbogbo wa fi ń yangàn, Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́. Ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi Fágúnwà sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí náà ni ẹni tí ó bá mú Ogbójú Ọdẹ tí ó jáde ní 1938 lọ́wọ́ ṣe lè rí Ifá lára èèpo ìwé onígbàgbọ́. Àwọn baba wa kò kọ ìwé ìtàn agboolé sílẹ̀; inú orúkọ ni wọ́n kó o sí. Àyàndélé ń sọ fún wa pé onílù ni wọ́n nílé yìí, Ọ̀jẹ́wálé pé wọ́n ń gbé eégún, Ọdẹ́wálé pé ọdẹ ni wọ́n, Ọnàbólú pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Bí gbogbo wọn bá di Olúwálé àti Jésùwálé, agboolé onílù àti agboolé ọdẹ kò ní ṣe é dá mọ̀ mọ́ nínú ìwé owó-orí tàbí ìwé ìrìbọmi, ìyẹn àwọn ìwé tí òpìtàn ń gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí àwọn arúgbó bá ti lọ tán.

Ó ku ibì kan ṣoṣo tí a ti ń rí àtijọ́ àti tuntun pọ̀. Ẹni tí ó bá yí orúkọ padà níláti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ó sọ orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ó ń jẹ́ nísinsìnyí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ìkéde náà pa mọ́.