La Clownesse assise

La Clownesse assise (ìtumọ̀: «Obìnrin apanilẹ́rìn-ín tí ó jókòó») jẹ́ àwòrán aláwọ̀ márùn-ún tí Henri de Toulouse-Lautrec (1864–1901), ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Fránsì, fi òkúta tẹ̀ ní ọdún 1896. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àkójọ àwòrán Elles, tí Gustave Pellet gbé jáde ní Párísì ní ẹ̀dà 100. Arọ́pò-orúkọ tí èdè Faransé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin ni «Elles». «Àwọn» tàbí «wọ́n» ni Yorùbá ní fún un.

Mademoiselle Cha-U-Kao ni ẹni tí a yà. Oníjó àti apanilẹ́rìn-ín ni ní Moulin Rouge àti Nouveau Cirque. Orúkọ orí ìtàgé rẹ̀ wá láti inú «chahut», ijó tí wọ́n ti ń ju ẹsẹ̀ sókè, àti «chaos», tí í ṣe rúdurùdu. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé orúkọ ará Japan ni.

Nínú àwòrán náà, kò jó, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí ó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú gígùn, ó sì so ọwọ́ pọ̀ sáàárín wọn. Aṣọ yẹ́lò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bo èjìká rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ọlọ́lá kì í jókòó báyìí fún ayàwòrán nígbà náà. Ìsinmi òṣìṣẹ́ ni èyí.

Ẹfun ọlọ́ràá ni a fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí òkúta. Bí a bá fi omi rin òkúta náà, ibi tí ọ̀rá wà nìkan ni yóò gba yíǹkì. Toulouse-Lautrec tún máa ń wọ́n yíǹkì sí i wínníwínní.

Àwọn obìnrin ilé aṣẹ́wó ni ó pọ̀ jù nínú Elles: wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń ya irun, wọ́n ń sùn. Nígbà tí wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní ilé ìwé ìròyìn La Plume ní oṣù kẹrin ọdún 1896, ọjà kò yá. Ó jọ pé ìwà ìṣekúṣe ni àwọn olùrà ń retí, tí wọ́n sì bá ìgbé ayé ojoojúmọ́ níbẹ̀. Pellet padà ń tà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀dà kan wà ní Metropolitan Museum of Art, New York. Àwòrán ọ̀dà tí ayàwòrán náà ya Cha-U-Kao ní ọdún 1895, níbi tí ó ti ń múra, wà ní Musée d'Orsay ní Párísì.