Igbó Tó Ti Jẹ́ Ìlú Rí: Àtúnkà Ìwé Fágúnwà Láti Ìkirè àti Àpòmù

Ìfáárà

Ẹni tó bá ka ìwé D. O. Fágúnwà lẹ́ẹ̀kan ti gbádùn ìtàn. Ẹni tó bá tún un kà ni ìbéèrè ń bá nílé. Nígbà àkọ́kọ́, Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó, àti ojú mẹ́rìndínlógún rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè wo àyíká. Nígbà tí a bá padà dé ibẹ̀, ẹ̀rù á ti rọlẹ̀, ojú á sì tó ilẹ̀. Ìgbà náà ni a ó rí i pé igbó tí ọdẹ wọ̀ yìí ní ọba, ó ní ẹnubodè, ó sì ní ìlú nínú. Igbó wo ni í ní ẹnubodè?

Àpilẹ̀kọ yìí gbé díẹ̀ yẹ̀ wò nínú àdìtú tí àtúnkà ìwé márààrún máa ń hú jáde. Àbá wa ni pé apá kan nínú igbó Fágúnwà jẹ́ ahoro, ìyẹn ìlú tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ká tí igbó sì gbà. Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ti dúró wò ó, nítorí pé ìtàn ìlú méjèèjì kọ́ wa bí ìlú ṣe ń di igbó.

Ìwé márùn-ún, ọ̀nà kíkà méjì

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1936 ló mú kó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje dé ní 1954, Àdìtú Olódùmarè sì kádìí wọn ní 1961. Ó kú ní 1963.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọdún ìtẹ̀jáde yóò mọ ọmọ kó tó mọ bàbá. Àkàrà-ògùn ni akọni ìwé kìíní. Olówó-ayé, bàbá rẹ̀, ló ni ìwé kejì, Igbó Olódùmarè. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìran yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kejì, yóò wá padà sí èkíní. Ọ̀nà méjèèjì kò múni dé ibì kan náà. Lọ́nà àkọ́kọ́, igbó jẹ́ ibi ìdánwò fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Lọ́nà kejì, ogún ni: ibi tí bàbá ti lọ ni ọmọ tún ń lọ.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé wọ̀nyí. Ayọ̀ Bámgbóṣé ya odindi ìwé sọ́tọ̀ fún wọn ní 1974, ó tú ìhun ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti èdè wọn palẹ̀. Abíọ́lá Ìrèlé so Fágúnwà pọ̀ mọ́ Tutùọlá àti Ṣóyínká bí ẹni so ẹ̀wọ̀n. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ túmọ̀ ìwé kìíní sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ilẹ̀ tí igbó náà hù lé lórí ni a fẹ́ fi kún iṣẹ́ wọn.

Àdìtú mẹ́ta

Èkíní ni ohun tí ọba inú Ògbójú Ọdẹ rán àwọn ọdẹ lọ mú wá láti Òkè Láńgbòdó. Ohun kan ni, tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Kí ni ohun náà ń jẹ́? Kákò ń bẹ nínú àwọn tó lọ, Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n Láńgbòdó, ló kún etí òǹkàwé nígbà tí wọ́n fi máa padà. Àwọn kan lè pe èyí ní àbùkù ìhun. Ojú mìíràn ni a fi wò ó: ìlú tó ti mọ ogun rí ló ń wá àlàáfíà bí ẹni ń wá oògùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Èkejì ni ìyá Àkàrà-ògùn. Àjẹ́ ni ìwé kìíní pè é. Ọkọ rẹ̀ yìnbọn lu ẹranko lóko, àṣé aya ilé ló yìn ín lù. Ìwé kejì wá fún aya Olówó-ayé ní orúkọ: Àjẹ́dìran. Tí a bá rin ìrìn yìí dé ìwé karùn-ún, ìyá Àdìtú, akọni ibẹ̀, ń jẹ́ Ìpọ́njúdìran. Orúkọ méjì, ìparí kan. Nínú ayé Fágúnwà, ohun burúkú kì í ṣẹlẹ̀ kó parí, ìran ló ń dà. Ta ló sì mọ̀ pé ohun búburú máa ń dìran ju ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ sá ogun lọ?

Ẹ̀kẹta ni ẹnubodè. Ànjọ̀nnú Ìbẹ̀rù ni oníbodè Igbó Olódùmarè. Iṣẹ́ oníbodè kò sí nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Ẹ̀bá odi ìlú ni oníbodè ń jókòó, èrò ọjà ló ń dá dúró. Nínú Ìrìnkèrindò, ìlú odindi ni Èdìdàrẹ́, tí Òmùgọ̀diméjì ń jọba lé lórí. Orúkọ Ìrèké Oníbùdó pàápàá ń sọ̀rọ̀: bùdó ni àwọn ológun ń pa. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ bùdó ogun ni kó tó di ìlú.

Ohun tí Àpòmù mọ̀

Arìnrìn-àjò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lè ra dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà kó má mọ irú ilẹ̀ tó ń gbà kọjá. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1921, fi Àpòmù hàn bí ọjà ààlà ní ilẹ̀ Ifẹ̀, níbi tí ará Ọ̀yọ́, Òwu, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ó ní Awólẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣòwò, Baálẹ̀ Àpòmù sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Awólẹ̀ di Aláàfin Ọ̀yọ́, ó rántí pàṣán. Ẹ̀mí Baálẹ̀ ló bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó da Ọ̀yọ́ rú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun Òwu. Ìjínigbé ní Àpòmù wà nídìí rẹ̀, ìjà lórí atare lọ́jà Àpòmù sì dá kún un. Johnson ka Ìkirè àti Àpòmù mọ́ ìlú tí Òwu kọ lù. Nígbà tó yá, Òwu náà fọ́, igbó sì gba ibi tí ààfin wà. Ifẹ̀ pàápàá tú ní 1849, ó tún tú ní nǹkan bí 1882, àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì padà délé títí di 1894. Àwọn tó sá kúrò nílé ló kún Òkè-Igbó, níbi tí Dérìn Ọlọ́gbẹ́ńlá ti jẹ́ olórí. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìpadàbọ̀ náà ni wọ́n bí Fágúnwà níbẹ̀. Àgbà tó pa ìtàn fún un lọ́mọdé lè ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá.

Ẹni tó bá mọ ahoro mọ̀ ọ́n dájú. Odán tó dá dúró láàárín igbó kò ṣàdédé hù: ọjà tàbí ojú ààfin ló ń ṣàmì rẹ̀. Àgbẹ̀ ń kọ ebè, ọkọ́ ń kan àpáàdì. Ọdẹ tó bá dé irú ibẹ̀ lóru mọ̀ pé òun wà nínú ilé onílé. Igbó Fágúnwà nìyẹn: ibi tí a kò ti rí èèyàn, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń bi ọ́ pé ta ni ọ́.

Ibi tí àbá yìí mọ

A kò gbọdọ̀ na àbá yìí ju bó ṣe mọ lọ. Kristẹni ni Fágúnwà, ìtàn arìnrìn-àjò tí John Bunyan kọ sì ti wà ní Yorùbá láti 1866, nípasẹ̀ David Hinderer. Ẹnubodè àti ìlú ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn náà. Àlọ́ wa pẹ̀lú kún fún ìlú ẹranko àti ìlú òkú. Orísun wọ̀nyí ṣàlàyé bí ìrìn-àjò ṣe rí. Ohun tí wọn kò ṣàlàyé ni ìdí tí igbó fi gba ipò aginjù àti òkè Bunyan, àti ìdí tí àlàáfíà ìlú fi ju ìgbàlà ẹni kan lọ ní Láńgbòdó. Ìtàn ogun ló kún àlàfo yẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdájọ́ wa ni pé ẹ̀rù tó wà nínú ìwé Fágúnwà jẹ́ ẹ̀rù ìrántí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìkirè, àwọn ahoro sì wà láyìíká rẹ̀. Kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Ògbójú Ọdẹ níbẹ̀ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ Ìkirè àti Àpòmù, kí wọ́n kọ orúkọ ahoro kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó gbé ibẹ̀ rí, àti ogun tó lé wọn. Kí wọ́n ṣe é kí àwọn tó mọ orúkọ náà tó lọ.