Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò: Sátẹ́láìtì Atọ́nisọ́nà àti Etíkun Ìlàjẹ

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Ìjà ìlara ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí là: kí oníṣòwò má bínú sí oníṣòwò, kí ọ̀gá má dí ọmọọṣẹ́ lọ́nà, nítorí àyè gba gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó lè já òwe náà ní koro. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, tí àwa tí à ń pa á sì máa ń rò pé ó sọ. Kò sọ pé ilé tí ẹyẹ bá fò lórí rẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí. Lónìí, ẹyẹ onírin pọ̀ lójú ọ̀run Ugbónlá, ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òndó: ti Amẹ́ríkà, ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà, gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí fóònù apẹja mọ ibi tó wà lórí òkun. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí ìró sátẹ́láìtì dé àti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé kì í ṣe ọgbọọgba, àti pé ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí lókè rárá. Ilẹ̀ ló wà.

Sátẹ́láìtì atọ́nisọ́nà kò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà, kò sì rí wa. Aago átọ́mù ló gbé dání, aago tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ rárá, ohun tó sì ń ké tọ̀sán-tòru kò ju iye tí agogo lù àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ. Fóònù tó gbọ́ igbe náà ni yóò ṣírò bí ó ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, tí yóò sì sọ ìpẹ́ náà di jíjìn. Jíjìn sí sátẹ́láìtì mẹ́ta ì bá tó láti mọ ibi téèyàn wà, àmọ́ aago inú fóònù kò dáa tó ti òkè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mẹ́rin la nílò, kí ẹ̀kẹrin lè tún aago náà ṣe. Ìgbì rédíò ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti orí àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, kò gbà á ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ìṣirò bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá péré ṣìnà, ọkọ̀ tó wà lẹ́nu odò yóò rí ara rẹ̀ ní 300 mítà sí ibi tó wà gan-an. Ohunkóhun tó bá lè dá ìgbì náà dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà lè ṣì wá lọ́nà.

Láti ibí yìí a ti lè rí i pé àìfara-kanra ẹyẹ òde òní kì í ṣe ọlá ìtẹ́jú ọ̀run nìkan. GPS, Galileo ti Yúróòpù, BeiDou tuntun ti Ṣáínà àti ti Jàpáànù, orí ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ké, 1575.42 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì. Àmì ìdánimọ̀ tí oníkálùkù fi sínú igbe tirẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọdún 2004 kí ti ẹnìkan má baà ṣe ti ẹnìkejì léṣe. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ ló pín ọ̀run náà.

Ti Amẹ́ríkà, ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà yí gbogbo ayé ká. Méjì mìíràn wà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: NavIC ti Índíà àti Michibiki ti Jàpáànù. Ọgbọ́n tó wà nídìí wọn ni pé sátẹ́láìtì tó bá wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè agbedeméjì ayé yóò máa yí bí ayé ṣe ń yí, lójú ẹni tó wà nílẹ̀ yóò dà bíi pé kò kúrò lójú kan. Tí wọ́n bá wá gbé ipa ọ̀nà rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, yóò máa lọ sí àríwá, yóò máa bọ̀ ní gúúsù, lórí agbègbè kan náà. Orílẹ̀-èdè kan lè tipa bẹ́ẹ̀ fi sátẹ́láìtì díẹ̀ bo ilé ara rẹ̀, dípò mẹ́rìnlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yóò fi bo gbogbo ayé. Méje ni Índíà ṣètò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n sókè ní oṣù Keje ọdún 2013, ó parí rẹ̀ ní 2016, agbègbè tó sì là sílẹ̀ fún wọn ni ilẹ̀ Índíà àti 1,500 kìlómítà yí i ká. Ṣáínà náà, agbègbè tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fi BeiDou bò ní 2012 kó tó fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ayé ní 2020.

Ohun tó yẹ ká fiyè sí ni ìdí tí oníkálùkù fi ṣe tirẹ̀. Ilé gogoro àti òkè ló ń dí ojú ọ̀run ní Jàpáànù, ni wọ́n bá ṣètò kí ọ̀kan nínú sátẹ́láìtì wọn máa wà lókè téńté nígbà gbogbo. Mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Índíà kò fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ ogun, ẹlòmíì ni yóò máa pinnu bóyá òun yóò mọ ọ̀nà. Ìṣòro tó wà nílé ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbójú sókè. Bí a bá dúró ní Ugbónlá ká wo àwọn méjèèjì, ti Jàpáànù kò ní yọ lójú ọ̀run wa láéláé, ikùn ayé ló bò ó. Díẹ̀ nínú ti Índíà ń yọ, èyí tó wà lókè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Òkun Índíà, àmọ́ apá ìlà-oòrùn nìkan ni gbogbo wọn kó sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú wọn mọ ibi tó wà, ìṣirò rẹ̀ yóò máa yẹ̀ gan-an. Kò sì sí ìṣòro ilé gogoro ní Ugbónlá: omi tẹ́, ẹrẹ̀ tẹ́, ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iye sátẹ́láìtì kọ́ ni a ṣaláìní.

Kí wá ni a ṣaláìní? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú irú ètò agbègbè kejì, èyí tí kò dá sátẹ́láìtì atọ́nisọ́nà tirẹ̀ sílẹ̀, tó jẹ́ pé àṣìṣe GPS ló ń tún ṣe. Bí ẹni tó fẹ́ dán òṣùwọ̀n wò ṣe ń gbé ohun tó ti mọ bó ṣe wúwo tó lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ agbọ́ròó sí ibi tí wọ́n ti wọ̀n pé pérépéré. Bí GPS bá ní ẹ̀rọ náà wà níbòmíì, ìyàtọ̀ náà ni àṣìṣe. Wọ́n á kó àṣìṣe láti ọ̀pọ̀ ibùdó jọ, wọ́n á fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì kan tó dúró lójú kan, òun ni yóò sì kéde rẹ̀. Bí GPS bá ń purọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìkìlọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ òfurufú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. WAAS ni ti Amẹ́ríkà, láti 2003. EGNOS ni ti Yúróòpù, tí wọ́n ṣí fún ará ìlú ní 2009, tí wọ́n sì gbà fún ọkọ̀ òfurufú ní 2011.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù rèé. Ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n so ẹ̀rọ EGNOS mọ́ ni SES-5, tí wọ́n jù sókè ní 2012. Ibi tó dúró sí ni lókè agbedeméjì ayé, ní ìwọ̀n 5 sí ìlà-oòrùn. Ìwọ̀n kan náà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí etíkun Ìlàjẹ kọjá. Kò sí ìlú kan ní Yúróòpù tí sátẹ́láìtì náà ga lókè orí rẹ̀ tó bó ṣe ga lókè Ugbónlá. Ìró rẹ̀ ń dún sí wa lórí kedere. Síbẹ̀ àtúnṣe inú ìró náà kò wúlò fún wa, torí pé Yúróòpù àti etí àríwá Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ibùdó tí wọ́n ti wọn àṣìṣe wà. Ọ̀run tiwọn ni wọ́n wọ̀n. Ẹyẹ wà lórí òrùlé wa, ẹyin wà nílé onílé.

Ọ̀run tiwọn sì yàtọ̀ sí tiwa ní tòótọ́. Láti nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sókè, ìtànṣán oòrùn máa ń fi agbára mànàmáná sára afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere. Ìgbì tó bá gba ibẹ̀ kọjá a máa falẹ̀. Ní Yúróòpù, ìfàsẹ́yìn náà sábà máa ń tẹ́jú débi pé ibùdó díẹ̀ lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún agbègbè ńlá. Àmọ́ àyíká agbedeméjì ayé ti agbára òòfà, tó gba inú Nàìjíríà kọjá, ni ionosphere ti nípọn jù tó sì ti ń rúkèrúdò jù. Bí oòrùn bá wọ̀, ihò ńláńlá a máa là sínú rẹ̀, ìró sátẹ́láìtì á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á sì sọ díẹ̀ nínú wọn nù, pàápàá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, àti lọ́dún tí oòrùn fúnra rẹ̀ bá ń rúkèrúdò jù. Wákàtí tí apẹja alẹ́ wà lójú òkun gan-an nìyẹn. Nígbà tí Índíà fẹ́ ṣe GAGAN, ètò àtúnṣe tirẹ̀, ìṣirò tuntun ló ní láti gbé kalẹ̀ nítorí ionosphere tó dà bíi tiwa yìí.

Àwọn kan yóò ní ìjọba wa kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe ìdajì rẹ̀. Nàìjíríà ju NigComSat-1 sókè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ó kú ní oṣù Kọkànlá 2008 nígbà tí iná tán nínú rẹ̀. Ṣáínà kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, tó gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà fún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lè kéde àtúnṣe GPS wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ASECNA, àjọ tó ń bójú tó ojú òfurufú Benin, Togo àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, fi bẹ̀rẹ̀ ìkéde ètò tí wọ́n pè ní ANGA ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, wọ́n fi bàálù dán an wò ní Lomé. Nàìjíríà kò sí nínú ASECNA. Sátẹ́láìtì wa ló ń ké, àwọn ará ilé kejì ló ṣètò igbe náà. Ibùdó ìwádìí ionosphere tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ṣáájú wà ní Dakar, Ouagadougou, Lomé, Douala àti N'Djamena. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀: Lomé wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Ugbónlá, Douala wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ti ń gbà lọ sí Cotonou àti Kamẹrúùnù láti ìgbà pípẹ́ nìyí.

A lè sọ pé GPS ọ̀fẹ́ ti tó, mítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá kò lè pa ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ onígi. Fún ọkọ̀ onígi, mo gbà. Ṣùgbọ́n títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ìró tó fi fún ará ìlú jẹ́, débi pé àṣìṣe lè tó 100 mítà. Ọ̀fẹ́ ẹlòmíì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń béèrè ibi tó wà. Ilẹ̀ náà ń béèrè. Ayétòrò, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, níbi tí òkun sì ti ń gbé ilẹ̀, pèrègún ààlà á bá a lọ. Kí a tó lè sọ iye mítà tí etíkun fà sẹ́yìn lọ́dún, tàbí iye tí ilẹ̀ ń rì, a nílò ibùdó tí ń ṣọ́ ọ láìdáwọ́dúró. Ilé-iṣẹ́ Sọ́fíyọ̀ Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti fi irú rẹ̀ sí Èkó, Zaria, Calabar, Yola àti àwọn ibòmíì, ṣùgbọ́n àlàfo pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn, kò sì sí ọ̀kan ní etíkun Ìlàjẹ.

Ẹlòmíì yóò ní kí Nàìjíríà ju sátẹ́láìtì atọ́nisọ́nà tirẹ̀ sókè bíi ti Índíà. N kò fara mọ́ ọn. Aago átọ́mù bàjẹ́ lórí mélòó kan nínú ti Índíà, èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ọ̀kan ní 2017 kò sì jáde kúrò nínú àpò rẹ̀. Owó tó tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ètò sátẹ́láìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kárí ayé ti wà lókè wa lọ́fẹ̀ẹ́, yóò ra ibùdó ilẹ̀ tí yóò kárí gbogbo etíkun láti Badagry dé Calabar, yóò sì ṣẹ́ kù.

Ọdún 15 ni wọ́n kọ́ NigComSat-1R fún, láti ìparí 2011. Kí àwọn tó ń ṣètò èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ má yọ ẹ̀rọ àtúnṣe kúrò lára rẹ̀ láti dín owó kù, kí wọ́n sì bá ASECNA jókòó bí Amẹ́ríkà ṣe bá Yúróòpù jókòó. Kí wọ́n fi ibùdó ìṣọ́ kan sí Igbókòdá tàbí Ugbónlá ní Ìlàjẹ, pẹ̀lú iná oòrùn àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Lomé ti ní tirẹ̀. Douala náà ní.