Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ìdájọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ìdájọ́ bí ẹni pé ìdálẹ́bi ni. Wọn a ní, "Má dá mi lẹ́jọ́," nígbà tó jẹ́ pé "Má dá mi lẹ́bi" ló wà lọ́kàn wọn. Ì-, dá àti ẹjọ́ ló para pọ̀ di ìdájọ́: kí a gbọ́ ẹjọ́, kí a sì sọ ibi tó já sí. Àre lè ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀bi náà lè ti ibẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí kóòtù. Ìdájọ́ inú ọkàn tún wà, òun sì ni Epictetus, tó ṣe ẹrú rí ní Róòmù kó tó di olùkọ́ ní Nicopolis nílẹ̀ Gíríìkì, fi ṣe òpó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí yòókù tí à ń pè ní Stoic gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kọ́ ló ń da ọkàn rú, bí kò ṣe ìdájọ́ tí a ṣe lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀rẹ́ yín ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín lórí WhatsApp, kò fèsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. "Ó ń fojú di mí": ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn kún un. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó sì dùn mí pé báyìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ṣe ń túká.

Àpẹẹrẹ: Adé dá ìdájọ́ rẹ̀ dúró títí ó fi gbọ́ tẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ kì í ṣe ìpinnu o. Ìpinnu ni ohun tí a fẹ́ ṣe. Ìdájọ́ ni ohun tí a gbà pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ ènìyàn pé kó má kà yín sí ẹlẹ́bi, ẹ jọ̀wọ́, ìdálẹ́bi ni kí ẹ lò.