Owó Fàdákà Jámánì àti Owó Ẹyọ Wa

Bí ẹ bá rí ẹni tí ń ṣa owó fàdákà àtijọ́ jọ, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ìtàn ni ó ń ṣa jọ.

Kí ọdún 1871 tó dé, Jámánì kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Bavaria, Saxony, Hamburg, olúkúlùkù ń rọ owó tirẹ̀. Thaler ni wọ́n ń pe fàdákà ńlá. Láti ibẹ̀ ni orúkọ dọ́là ti wá.

Èyí tí ó lókìkí jù ni ti Maria Theresa, ọbabìnrin Austria. Ọdún 1780, tí ó kú, ni ó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣì ń rọ ọ́, wọn kò sì yí ọdún náà padà, nítorí àwọn oníṣòwò òkèèrè ti mọ ojú owó náà. Lẹ́tà S àti F tí ó wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀ jẹ́ àmì Günzburg, ìlú tí ó wà ní Jámánì lónìí.

Heinrich Barth, ọmọ Hamburg, dé Kano ní 1851. Ó kọ ọ́ pé 2,500 owó ẹyọ ni dọ́là kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, dọ́là 8 nìyẹn. Ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gbáko ni lórí alárù. Dọ́là 8 kò kún àpò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni nìyí. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, àwọn oníṣòwò Hamburg, bí ilé O'Swald, ń ra owó ẹyọ ní Zanzibar, níbi tí wọ́n ti ń ná fàdákà Maria Theresa. Wọ́n ń kó o wá sí Èkó láti fi ra epo pupa. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹ ro ti ìyá arúgbó tí ó ti fi ogún ọdún kó ọ̀kẹ́ pamọ́ sí àjà. Olè kò wọlé, síbẹ̀ ọrọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àkùngbá, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí owó àtijọ́ bá wà nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó yọ́ ọ. Ẹ má fi eérú bó o. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bí ó ti dé ọwọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Fàdákà lè pẹ́ nínú àpótí. Ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.