Toyota Hilux

Toyota Hilux jẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Jàpáánì ń ṣe láti ọdún 1968. Ìran mẹ́jọ ló jáde láàárín 1968 sí 2015. Àwọn àgbẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé, àwọn awakùsà àti àwọn agbófinró wà lára àwọn tó ń lò ó. Oríṣi tí agbára ẹ́ńjìnì ń dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ àti níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ fa ẹrù.

Ìtàn

Hino Motors ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Hilux fún Toyota ní Hamura, lóṣù Ẹrẹ́nà 1968. Ó gba ipò Briska, píkọ́ọ̀pù kékeré tí Hino ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì ń yí nígbà náà. Ìran kẹta, tó jáde ní 1978, ló kọ́kọ́ ní fọ́ọ̀-wíìlì, ní 1979.

Ní Amẹ́ríkà, Toyota ṣíwọ́ lílo orúkọ Hilux ní 1976. Tacoma ló sì rọ́pò ọkọ̀ náà níbẹ̀ ní 1995. Ní Jámánì, Volkswagen ta Hilux lábẹ́ orúkọ Taro láti 1989 sí 1997. Láti ìgbà ìran keje, tó jáde ní 2004, ni Táílàǹdì ti di ojúkò iṣẹ́ náà. Wọ́n tún ń tò ó ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà àti ní Zárate ní Ajẹntínà. Ìran kẹjọ jáde ní 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020.

Ìgbékalẹ̀

Orí férémù irin tó rí bí àkàbà ni wọ́n ń gbé ilé ọkọ̀ náà lé. Sípíríǹgì onípẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Férémù yìí ló ń gba ìyà kòtò àti ìfàsẹ́yìn ẹrù, kì í ṣe ilé ọkọ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn náà le: bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó máa ń ta èrò sókè, ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ ló tó ń rọlẹ̀.

Nínú fọ́ọ̀-wíìlì, ìpele mẹ́ta ni awakọ̀ lè yàn. H2 wà fún títì ọ̀dà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. H4 wà fún ẹrẹ̀, iyanrìn àti ọ̀nà tó ń yọ̀. L4 máa ń dín eré kù, ó sì ń sọ agbára tó ń dé táyà di púpọ̀. Òun ni wọ́n fi ń gun òkè gàgàrà tàbí fa ọkọ̀ tó rì jáde. Nínú H4 àti L4, àásìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn ń yí ní iye kan náà. Bí ọkọ̀ bá sì ń yà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀ràn á parí síbẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tí táyà lè yọ̀ sí, inú jíà ni wàhálà náà ń lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a lo H4 lórí títì gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì Hilux tún ní ìtìpa fún àásìlì ẹ̀yìn, kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀ bí ọ̀kan bá ń yí lórí òfo.

Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.8 ni àwọn tó ń fa ẹrù fẹ́ràn jù nínú ìran kẹjọ. Agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 450 Nm ní 2015. Ó di 500 Nm nínú èyí tó ní jíà aládàáṣe láti 2020. Láti nǹkan bí 1,600 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni agbára 500 Nm yìí ti ń jáde, nítorí náà awakọ̀ kò ní láti fi iná púpọ̀ sí i kí ẹrù tó gbéra. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.4 àti ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù lítà 2.7 náà wà.

Fífa ẹrù

Òpin tí Toyota kọ sílẹ̀ fún àwọn fọ́ọ̀-wíìlì ìran kẹjọ tó lágbára jù ni 3,500 kg, bí ohun tí wọ́n ń fà bá ní bíréèkì tirẹ̀. Bí kò bá ní, 750 kg ni. Kì í ṣe gbogbo Hilux ló dé ibẹ̀. Ní Ọsirélíà, nígbà tí ìran yìí kọ́kọ́ dé, èyí tó ní jíà àfọwọ́yí ń fa 3,500 kg, aládàáṣe kò kọjá 3,200 kg. Àtúnṣe 2020 ló mú wọn dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní láti mọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti irú jíà tó ní kó tó gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́.

Iye ńlá yìí kì í dá dúró. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ohun tí à ń fà ló máa ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí a ti so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 3,500 kg, 350 kg nìyẹn, inú ohun tí ọkọ̀ lè gbé la ó sì ti yọ ọ́. Nǹkan bí 1,000 kg ni Hilux lè gbé, èrò àti ẹrù lápapọ̀. Tí a bá yọ 350 kg, ó ku 650 kg. Tí ènìyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó 80 kg bá wọlé, ó ku 330 kg, a kò sì tíì ka irin ìdáàbòbò iwájú, àpótí irinṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀.

Òpin mìíràn tún wà: àpapọ̀ ìwúwo ọkọ̀, ẹrù inú rẹ̀ àti ohun tó ń fà. Òun ló lè kọ́kọ́ pé. Ibi tí ẹrù wà náà ṣe pàtàkì. Ẹrù tó bá wà lẹ́yìn àásìlì ẹ̀yìn máa ń gbé imú ọkọ̀ sókè, ìdarí á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tó bá tẹ bíréèkì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba pé kó fa 3,500 kg, kó sì tún kó ẹrù kún ẹ̀yìn lójoojúmọ́, ọkọ̀ tó tóbi ju Hilux lọ ló nílò.

Ààbò àti ẹjọ́

Gíga tó wúlò nínú igbó ń gba owó rẹ̀ lórí títì. Ní 2016, ìwé ìròyìn Teknikens Värld ti ilẹ̀ Swídìn dán Hilux wò nípa yíyà lójijì fún ohun tó dí ọ̀nà. Táyà rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Toyota ṣàtúnṣe, ọkọ̀ náà sì yege nígbà tí wọ́n tún un dán wò ní 2017. Ní Ọsirélíà, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dájọ́ ní 2022 pé àléébù wà lára asẹ́ èéfín àwọn Hilux kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n tà láàárín 2015 sí 2020.

Ìlò rẹ̀

Ní 1987, àwọn ọmọ ogun Ṣáàdì fi píkọ́ọ̀pù Toyota tí wọ́n de ohun ìjà mọ́ ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun Líbíà ní Fada àti láwọn ibòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Ogun Toyota. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbé ìyìn náà fún Hilux. Àmọ́ Land Cruiser náà wà lójú ogun ọ̀hún, àwọn kan sì gbà pé òun ló pọ̀ jù. Ohun tó dájú ni pé oríṣi méjèèjì ni wọ́n lò; èwo ló pọ̀ jù ṣì jẹ́ àríyànjiyàn.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́pàá, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2020, ń lo Hilux.

Nínú ìdíje eré ọkọ̀ Dakar, awakọ̀ Nasser Al-Attiyah ló fi Hilux gba ipò kìíní ní 2019, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ Toyota borí gbogbo ọkọ̀ yòókù.