Ta Ni Ń Tún Ẹ̀rọ Ilé Ìwòsàn Ṣe?

Bí a bá ń kọ ìtàn Òkèhò, ibi méjì la sábà máa ń dúró sí: rògbòdìyàn Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní ọdún 1916, àti ọdún 1917 tí ìlú kúrò ní Ahoro wá sí ibi tó wà lónìí. Ọba, ìjòyè àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ìtàn ilé ìwòsàn wa náà kò yàtọ̀: dókítà àti gómìnà tó wá ṣí ilé là ń dárúkọ. A kì í dárúkọ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ́síjìn. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lásán kò ju bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀rọ yìí á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á tì í gba inú èròjà kan tó ń jẹ́ zeolite. Èròjà náà á di náítírójìn mú, ọ́síjìn tó tó nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún á sì jáde fún ọmọ tí òtútù àyà ń dà láàmú.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ Òkè-Ògùn kò mọ ọmọ. Eruku á dí asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ṣì máa kùn, iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, síbẹ̀ ọ́síjìn tó ń jáde lè má tó mọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tó mọṣẹ́ ló ń fọ asẹ́, tó sì ń fi ohun èlò wọn ọ́síjìn náà.

Lóòótọ́, nígbà tí àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Melbourne, tí Adégòkè Fálàdé àti Hamish Graham wà lára wọn, mú irú ẹ̀rọ yìí lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọn kò gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn atúnrọṣe níṣẹ́.

Ní 2011, Lora Perry àti Robert Malkin yẹ àkọsílẹ̀ ohun èlò ìwòsàn 112,040 wò ní orílẹ̀-èdè 16 tí kò rọ́wọ́ họrí. Nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́. Àìsí ẹ̀kọ́, àìsí ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ àti àìsí iná tó dúró wà lára ohun tó fà á.

Àwa tí à ń kó oríkì àti ìtàn ìlú jọ, ẹ jẹ́ ká béèrè ìwé tí atúnrọṣe ń kọ sí pẹ̀lú: ọjọ́ tó fọ asẹ́, iye ọ́síjìn tó wọ̀n, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó pààrọ̀. Ìtàn ìlú ni ìyẹn náà.